Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ Ibi Tí AI Ti Ń Ṣìnà

Láti ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2022 tí iléeṣẹ́ OpenAI ti gbé ChatGPT jáde, AI ti wọ fóònù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ẹni tó ń wọkọ̀ ní Kétu lọ sí Yunifásítì Èkó ní Àkọkà àti ẹni tó ń gba Mile 12 lọ sí yunifásítì LASUSTECH ní Ìkòròdú, kò sí èyí tí kò gbúròó rẹ̀ nínú wọn. Ó ti bọ́ lọ́wọ́ ká máa jiyàn bóyá kí wọ́n lò ó. Ohun tó yẹ ká kọ́ wọn ni bí wọ́n ṣe máa mọ̀ nígbà tó bá ṣìnà, ohun tí wọ́n sì ti mọ̀ dunjú ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ tí ènìyàn ti kọ sílẹ̀ ni wọ́n kó fún ẹ̀rọ yìí, òun náà wá ń fi ìyẹn díwọ̀n ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀ lé èyí tó ṣáájú. Kò dé ọjà rí. Bí wọ́n bá bi í pé èló ni apẹ̀rẹ̀ tòmátò ní ọjà Mile 12 láàárọ̀ yìí, tí kò sì yẹ íntánẹ́ẹ̀tì wò, ó lè dárúkọ owó kan láìkọsẹ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń tajà níbẹ̀ mọ̀ pé iye àárọ̀ lè má jẹ́ iye ìrọ̀lẹ́, pé ẹrù tó ń ti Kánò àti Kàdúná bọ̀ lè rà sínú ọkọ̀ bí ọ̀nà kò bá dáa. Lọ́dún 2016, kòkòrò Tuta absoluta ba oko tòmátò jẹ́ ní Kàdúná, ọjà sì gbówó lórí l'Ékòó. Kí olùkọ́ ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bi AI nípa ọjà yìí, kí wọ́n gbé ìdáhùn rẹ̀ lọ bá àwọn aláta, kí wọ́n sì kọ ibi tó ti yàtọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá rí i bó ṣe ń fìgboyà ṣi ohun tí òun mọ̀ sọ, á máa fura sí i lórí òfin tàbí ìṣègùn tí òun kò tíì mọ̀. Ní New York lọ́dún 2023, adájọ́ bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé àwọn agbẹjọ́rò kan lórí, torí wọ́n kó ẹjọ́ mẹ́fà tí ChatGPT hùmọ̀ wá sílé ẹjọ́. Wọ́n kàwé o. Wọn ò kàn yẹ̀ ẹ́ wò ni.

Àwọn kan á ní kí á fòfin dè é, kí ọmọ má di ọ̀lẹ. Ẹ̀rù ọ̀lẹ yẹn tọ́, àmọ́ ta ló máa mú ẹni tó lò ó? OpenAI fúnra rẹ̀ gbé ẹ̀rọ tó fi ń dá iṣẹ́ AI mọ̀ kúrò nílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2023, torí kò ṣeé gbọ́kàn lé. Lọ́dún kan náà, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford rí i pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń pe ohun tó ju ìdajì àròkọ àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn ní iṣẹ́ AI. Èyí dùn mí, torí ọmọ wa tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé lè bọ́ sínú ẹ̀sùn tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn á ní kò sí owó dátà, kò sí iná; ìyẹn wúwo ju ti ọ̀lẹ lọ. Síbẹ̀, fóònù kan tó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá. Kódà olùkọ́ lè tẹ ìdáhùn náà sórí ìwé kó pín in, kí wọ́n wá gba ọjà àti ilé ìkàwé lọ, níbi tí wọn ò ti nílò dátà. Kó sì jẹ́ pé àṣìṣe tí wọ́n bá hú jáde ló máa fún wọn ní máàkì, kì í ṣe bí ìdáhùn ṣe dùn ún kà tó.