Ṣé o mọ̀? Bí a ṣe ń ṣubú ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú júdò

Ní 1882 ni Jigoro Kano dá júdò sílẹ̀ ní ilẹ̀ Japan. Olùkọ́ ni Kano. Ara rẹ̀ kéré, àwọn tó lágbára jù ú lọ sì fìyà jẹ ẹ́ nílé ìwé. Síbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀san ló fi kọ́ni.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ bí a ṣe ń dá ẹlòmíràn, ó gbọ́dọ̀ kọ́ bí òun fúnra rẹ̀ á ṣe ṣubú láì fara pa: á ká ọrùn sínú, á fọwọ́ gbá ẹní, á sì dìde. Léraléra ni, títí ẹ̀rù á fi kúrò. Ẹ̀kọ́ ńlá ni lójú tèmi. Wọ́n tún ń tẹríba fún ara wọn kí wọ́n tó wọ̀yá ìjà àti lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó borí àti ẹni tó pàdánù.

Bíi ti ìjàkadì wa, fífi ẹ̀yìn ẹni lélẹ̀ lè parí ìjà. Júdò sì wà nínú ìdíje NUGA àwọn yunifásítì wa. Bí ọmọ rẹ bá ń tètè bínú, wá olùkọ́ júdò tó dáńgájíá fún un, kó lè kọ́ ìtẹríba yẹn.