Àgékù aṣọ kì í ṣe pàǹtírí



Ní Bantè àti ní Savalou, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ aránṣọ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí àgékù aṣọ nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ a máa gbá a jọ, wọn a dáná sun ún. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò ka àgékù aṣọ sí pàǹtírí. Ẹ wo ẹ̀kú eégún: oríṣiríṣi aṣọ ni wọ́n rán pọ̀, wọ́n sì ń fi tuntun kún un. Ní Abomey, láti ayé àwọn ọba ni ìdílé Yemadje ti ń gé aṣọ ní àwòrán ẹranko, tí wọ́n ń rán an mọ́ aṣọ ńlá.

Lónìí, a ó kọ́ ohun méjì tí ẹ lè fi àgékù aṣọ ṣe nílé. Abẹ́rẹ́, òwú ìránṣọ àti àlùmọ́gàjí ti tó.

1. Ẹ kọ́kọ́ dán aṣọ náà wò

Aṣọ kò rí bákan náà. Aṣọ tí a fi òwú oko hun máa ń fa omi. Aṣọ onírọ́bà kì í fa omi dáadáa, iná sì máa ń yọ́ ọ. Ní kíláàsì wa, obìnrin kan fi àgékù aṣọ dídán gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Aṣọ náà yọ́, ó lẹ̀ mọ́ ọn ní ìka. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó lè di ọkọ́ mú.

Ẹ fa fọ́nrán òwú díẹ̀ yọ lára aṣọ náà. Ẹ fi ẹ̀mú dì í mú ní ìta, lórí iyanrìn, kí ẹ sì tiná bọ̀ ọ́. Bí ó bá ń rùn bíi bébà tó ń jóná, tí eérú rẹ̀ fúyẹ́, òwú ni. Bí ó bá súnkì, tí ó yọ́, tí ó sì le bí ìlẹ̀kẹ̀, rọ́bà wà nínú rẹ̀. Ẹ má lò ó fún iṣẹ́ méjèèjì yìí.

2. Aṣọ ìgbékòkò

Ẹ gé àgékù aṣọ òwú mẹ́jọ, kí ìhà kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 18. Ẹ to wọ́n léra, kí ẹ rán etí rẹ̀ yí ká. Lẹ́yìn náà, ẹ rán an láti igun dé igun, kí inú rẹ̀ má baà ṣí kiri. Ẹ ṣe méjì, ọ̀kan fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má fi í gbé ìkòkò gbígbóná nígbà tí ó bá tutù. Ooru máa ń tètè gba inú aṣọ tútù dé ọwọ́.

Bí iná bá jó ènìyàn, ẹ da omi mímọ́ tó tutù sí ojú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ má fi epo sí i. Bí aṣọ bá lẹ̀ mọ́ awọ, ẹ má fà á yọ. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

3. Aṣọ nǹkan oṣù

Ọmọbìnrin tí kò ní ohun tó dára láti lò nígbà nǹkan oṣù lè máa sá fún ilé ìwé. Ẹ lè ran án lọ́wọ́.

Ẹ gé aṣọ òwú rírọ̀ méjì, kí gígùn wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25, kí ìbú wọn jẹ́ 8. Ẹ fi apá kan sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí a ó ká sábẹ́ pátá. Ẹ to àgékù aṣọ òwú tó ti gbó, tó mọ́, ní ìpele mẹ́rin. Kí wọ́n kéré díẹ̀ ju aṣọ òde lọ. Ẹ rán wọn mọ́ ẹ̀yìn aṣọ òde kan. Ẹ fi ojú aṣọ òde méjèèjì kojú ara wọn, kí ẹ rán an yí ká, kí ẹ fi ihò kékeré sílẹ̀. Ẹ yí i síta láti ibẹ̀, kí ẹ dí ihò náà. Ẹ fi bọ́tìnì sí apá rẹ̀.

Kí ọmọ náà máa pààrọ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Kí ó rẹ ẹ́ sínú omi tútù, kí ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ó sì sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ pátápátá. Ọ̀pọ̀ ń fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí ìtìjú. Ibẹ̀ ni ó ti ń hu bíbu. Bí ojú bá ń ti í, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó lórí okùn. Ẹnìkan kò gbọdọ̀ lo ti ẹlòmíràn. Bí ara bá ń yún un, tàbí tí òórùn burúkú bá wà, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jókòó ti àwọn ọmọ yín, kí ẹ jọ rán an. Ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni okùn ń tọ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

Kí ni àwọn aránṣọ àdúgbò yín ń fi àgékù aṣọ ṣe? Ta ni yóò bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n má sun ún mọ́? Níbo ni àwọn ọmọbìnrin ilé yín ń sá aṣọ wọn sí?