Bí A Ti Ṣe Lè Dá Ayédèrú Ṣílè Àtijọ́ Mọ̀

Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀ràn àwọn tí ń kó owó àtijọ́ jọ rí. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọ̀ràn náà kan orúkọ wa pẹ̀lú, nítorí ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àwọn ènìyàn a máa pe owó irọ́ ní "owó Ìjẹ̀bú". Nítorí náà ó yẹ kí àwa tí ó wà ní Ìjagun níbí mọ bí a ti ń yẹ owó wò.

Ní 1912 ni a dá Ìgbìmọ̀ Owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. Ní 1913 owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jáde. Fàdákà ni ṣílè tí a ṣe láti 1913 títí dé 1919, igi ọ̀pẹ sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, fàdákà di ọ̀wọ́n. Ní 1920 a bẹ̀rẹ̀ sí fi idẹ tí a po tánganran díẹ̀ mọ́ ṣe é. Èyí mú iṣẹ́ rọrùn fún àwọn aṣayédèrú. Láti 1973 tí náírà ti rọ́pò pọ́n-ùn ní Nàìjíríà, àwọn tí ń kó ṣílè jọ ni ó kù tí ń wá a, àwọn oníjìbìtì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èkínní, kí a ka ọdún, kí a sì wo àwọ̀. Ṣílè tí ó pọ́n bí idẹ tí a kọ 1918 sí, tàbí èyí tí ó funfun bí fàdákà tí a kọ 1925 sí, yẹ fún ìfura.

Èkejì, kí a wo etí rẹ̀. Ẹ̀rọ ni ó fi agbára tẹ owó gidi: eyín wẹ́wẹ́ etí rẹ̀ a dọ́gba, lẹ́tà rẹ̀ a sì mú. Ṣùgbọ́n ayédèrú púpọ̀ ni a yọ́ dà. Ihò kéékèèké a máa wà lára rẹ̀, ilà ìpàdé a sì máa hàn ní etí. Bí owó méjì bá ní àpá kan náà ní ojú kan náà, inú ìyá kan ni wọ́n ti jáde.

Ẹ̀kẹta, kí a wọ̀n ọ́n. Ṣílè fàdákà tuntun wọn bí gíráàmù 5.66. Lílò lè dín in kù díẹ̀. Kò lè fi kún un.

Ẹ̀kẹrin, kí a fi òwú so ó, kí a tún wọ̀n ọ́n bí ó ti rì sínú omi láìkan ìsàlẹ̀ ife. Kí a mú iye tí ó dín, kí a fi í pín ìwọ̀n àkọ́kọ́. Fàdákà ṣílè yóò fún wa ní bí 10.3, idẹ bí 8.5, tánganran 7.3, òjé 11.3. Ẹni tí ó bá sì po òjé mọ́ tánganran lè sún mọ́ ti fàdákà. Nítorí náà ẹ̀rí kan ṣoṣo kò tó dá ẹjọ́.

Kí a má ṣe fi eyín gé owó, kí a má sì fi irin ha á, nítorí owó gidi tí a bá ti ṣá lọ́gbẹ́ ti pàdánù iyì rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ayédèrú, kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sára àpò rẹ̀, kí a má ṣe tà á bí ojúlówó.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, olùkọ́ tí ó bá ṣe ìdánwò omi yìí níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ yóò kọ́ wọn ní ìṣirò, yóò sì kọ́ wọn ní òdodo: owó ni a ń dán wò, kì í ṣe ìlú ẹni tí ó mú un wá.