Ẹ̀bùn ilé tẹ́tẹ́ fún àwọn oníbàárà

Ẹ̀bùn ilé tẹ́tẹ́ ni àwọn ohun tí àwọn ilé tẹ́tẹ́ ńlá, èyí tí a ń pè ní kàsínò, máa ń fún àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀ láìgba owó lọ́wọ́ wọn: ọtí, oúnjẹ, yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì, tíkẹ́ẹ̀tì eré orí ìtàgé, àti nígbà mìíràn owó ọkọ̀ òfuurufú. Ó jọ èènì tí ọlọ́jà máa ń fi sí ọjà fún oníbàárà rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà láàárín wọn. Ọlọ́jà ń fi èènì sí ohun tí a ti rà. Ilé tẹ́tẹ́ ń ṣírò èènì tirẹ̀ láti inú owó tí ó retí pé oníbàárà yóò pàdánù. Ẹni tí kò bá mọ ìṣirò yìí sábà máa ń san owó yàrá “ọ̀fẹ́” ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìtàn

Ìpínlẹ̀ Nevada ní Amẹ́ríkà fi òfin gba tẹ́tẹ́ títa láàyè ní ọdún 1931. Ní Las Vegas ayé ìgbà náà, alábòójútó tábìlì ló máa ń fojú wọn ẹni tó ń fi owó gidi lélẹ̀, tí yóò sì pàṣẹ pé kí wọ́n fún un ní oúnjẹ tàbí yàrá. Nígbà tí ilé tẹ́tẹ́ àkọ́kọ́ ṣí ní Atlantic City, ìpínlẹ̀ New Jersey, ní 1978, àwọn bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò wá láti àwọn ìlú ńlá ìtòsí, wọ́n sì ń fún èrò kọ̀ọ̀kan ní owó ẹyọ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ eré. Láàárín àwọn ọdún 1980 ni káàdì oníbàárà gbilẹ̀: a ó kì í bọ inú ẹ̀rọ tẹ́tẹ́, ẹ̀rọ náà yóò sì máa ka gbogbo owó tí ẹni náà ń ta.

Ilé-iṣẹ́ Harrah's ló sọ káàdì yìí di ohun ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ó dá ètò Total Gold sílẹ̀ ní 1997, èyí tí ó ti di Caesars Rewards lónìí, ó sì gba Gary Loveman, olùkọ́ ní Harvard Business School, síṣẹ́ ní 1998. Nínú àpilẹ̀kọ tí Loveman kọ sínú Harvard Business Review ní 2003, ó ṣàlàyé pé ìdá 26 nínú 100 àwọn oníbàárà ló ń mú ìdá 82 nínú 100 owó wọlé. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe bọ̀rọ̀kìnní. Àgbàlagbà ni púpọ̀ nínú wọn, olùkọ́, dókítà, òṣìṣẹ́ báńkì, tí wọ́n máa ń yà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń darí lọ sílé. Nítorí náà yàrá ọ̀fẹ́ kò jọ wọ́n lójú tó bí a ṣe rò: owó tẹ́tẹ́ 60 dọ́là mú wọn wá ju àkópọ̀ yàrá, oúnjẹ àti owó tẹ́tẹ́ tí iye rẹ̀ tó 125 dọ́là lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀

Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn: owó tí oníbàárà ń fi lélẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, iye ìgbà tí ó ń ta láàárín wákàtí kan, iye wákàtí tí ó lò, àti ìdá tí òfin eré náà fi sọ́wọ́ onílé. Ká ní ẹnì kan ń fi 25 dọ́là ta blackjack, ìgbà 70 ní wákàtí kan, fún wákàtí mẹ́rin. Owó tí ó kọjá lórí tábìlì jẹ́ 7,000 dọ́là. Bí ilé tẹ́tẹ́ bá ka ìpín tirẹ̀ sí ìdá 2 nínú 100, àdánù tí ó retí jẹ́ 140 dọ́là. Bí ó bá ń dá ìdá 30 nínú 100 rẹ̀ padà, ẹ̀bùn ẹni náà kò ju 42 dọ́là lọ, ìbáà jẹ́ pé ó jẹ tàbí pé ó pàdánù ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Níbí ni ọgbọ́n wà. Ẹni tí ó mọ blackjack dáadáa lè dín ìpín onílé kù sí nǹkan bí ìdàjì ìdá kan nínú 100, níbi tí òfin tábìlì bá dára. Àdánù tirẹ̀ gan-an yóò jẹ́ nǹkan bí 35 dọ́là, kò tó ẹ̀bùn 42 náà. Orí irú ìyàtọ̀ yìí ni Max Rubin gbé ìwé rẹ̀, Comp City, tí ó jáde ní 1994, kà. Àmọ́ níbi tí wọ́n bá ti ń san 6 fún 5 dípò 3 fún 2 fún blackjack, ìpín onílé ń fi ju ìdá kan lọ lé sí i, ọgbọ́n náà sì di asán.

Ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ètò Caesars Rewards, owó 5 dọ́là tí a ta lórí ẹ̀rọ ló ń mú máàkì kan wá, máàkì 100 sì jẹ́ dọ́là kan. Kí ènìyàn tó fi máàkì ra oúnjẹ 20 dọ́là, ó ti ta 10,000 dọ́là. Bí ẹ̀rọ náà bá ń mú ìdá 8 nínú 100, àdánù tí a retí jẹ́ 800 dọ́là. Lóòótọ́, àwọn ìpè yàrá ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ wà lẹ́yìn máàkì yìí, ṣùgbọ́n inú àdánù kan náà ni wọ́n ti ń jáde.

Lílo ẹ̀bùn náà

Káàdì kì í yí àbájáde ẹ̀rọ padà, nítorí náà ẹni tí ó ti pinnu láti ta kò ní ìdí láti má lò ó. Lórí tábìlì, kí ó fi í hàn kí eré tó bẹ̀rẹ̀, torí pé wọn kì í sábà ka èyí tó ti kọjá. Ó dára kí ó kọ owó oúnjẹ sórí yàrá, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí ń bójú tó oníbàárà, kí ó tó sanwó, bóyá wọ́n lè yọ díẹ̀ kúrò. Ọ̀pọ̀ ilé tẹ́tẹ́ ń pín àpapọ̀ eré sí iye ọjọ́ tí a ta. Nítorí náà, ẹni tí ó ta fún wákàtí mẹ́rin lánàá tí ó sì tún fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ta lónìí ti dín ìwọ̀n ara rẹ̀ kù.

Ìrìn àjò ọ̀fẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Owó ọkọ̀ òfuurufú sábà máa ń jẹ́ owó tí wọ́n ń dá padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wo bí ènìyàn ṣe ta tó. Yàrá ọ̀fẹ́ lè ní owó ìlò òtẹ́ẹ̀lì lójoojúmọ́ nínú, yàrá ọ̀fẹ́ lórí ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ sì ní owó orí èbúté. Lẹ́tà ìpè kì í sì í ṣe físà.

Ewu

Àwọn ìpele bíi Diamond ló ń fa àdánù jù. Ẹni tí ó kù díẹ̀ kí ó dé ìpele tuntun nígbà tí ọdún ń parí lọ máa ń ta ohun tí kò ní lọ́kàn láti ta, kí ó lè gba ohun tí ì bá fi owó tí ó kéré sí i rà. Ní Britain, láti 31 Oṣù Kẹwàá 2020, ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá oníbàárà lè gbé ìnáwó náà kí ó tó fi í sí ìpele pàtàkì. Níbẹ̀ náà, ẹni tí tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́ lè forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú GAMSTOP fún oṣù mẹ́fà, ọdún kan tàbí ọdún márùn-ún. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ kò sì gbọdọ̀ gbà á láàyè títí àkókò náà yóò fi pé.