Ojú Àtijọ́ Lórí Kámẹ́rà Tuntun

Ẹ̀yin tí bàbá yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín ti ṣe iṣẹ́ fọ́tò rí, tí àpótí kámẹ́rà rẹ̀ sì wà lábẹ́ ibùsùn títí di òní, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ẹ má tíì tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù.

Ayafọ́tò ni ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí ó jáde láyé, ojú kámẹ́rà rẹ̀ kan, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní lẹ́ńsì, di tèmi. Canon FD ni, 50 mìlímítà. Ọmọ mi ní kámẹ́rà Canon tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀, mo sì rò pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Mo ra òrùka irin tí ó so wọ́n pọ̀, a sì gbé e lọ síbi ìkómọ. Ojú ọmọ tuntun tí a sún mọ́ hàn kedere, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí ó jókòó sẹ́yìn dà bí ẹni tí ó wà nínú kùrukùru. Mo ní, “Ojú yìí ti bàjẹ́.” Díẹ̀ ló kù kí n tà á ní ọ̀pọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ayafọ́tò kan ló là mí lóye. Ó ní, “Alfa, ojú yìí kò bàjẹ́ o. Àyè tí ó yẹ kí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ kò wọ̀n.”

Kí ni àyè náà? Láti etí irin tí lẹ́ńsì jókòó lé, títí dé ibi tí àwòrán ń bọ́ sí nínú kámẹ́rà, ìwọ̀n kan wà tí kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ti Canon FD jẹ́ 42 mìlímítà. Ṣùgbọ́n ní 1987, Canon gbé irú tuntun jáde, EF, tí tirẹ̀ jẹ́ 44. Nítorí náà, kí a tó ka ìnípọn òrùka pàápàá, lẹ́ńsì mi ti jìnnà jù ní 2 mìlímítà. Lẹ́ńsì 50 tí ó bá jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kò lè mú ohun tí ó kọjá bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin kí ó mọ́.

Àwọn kámẹ́rà ìgbà náà ní dígí nínú, tí ń gbéra sókè bí a bá tẹ̀ wọ́n, dígí náà sì ń fẹ́ àyè. Àwọn tuntun kan ti yọ dígí kúrò. Sony E, tí ó jáde ní 2010, jẹ́ 18 mìlímítà. Ní 2018, Canon RF dé pẹ̀lú 20, Nikon Z pẹ̀lú 16. Àyè tí ó ṣẹ́kù ni òrùka ń dí. Ẹ yọ ìwọ̀n kámẹ́rà kúrò nínú ti lẹ́ńsì: FD lórí RF, òrùka 22. Nikon F ti 1959, tí ó jẹ́ 46.5, lórí Sony E, òrùka 28.5. Lẹ́ńsì onískúrù M42, tí wọ́n ṣe ní Jámánì, Jàpáánù àti Rọ́ṣíà, jẹ́ 45.46, lórí Sony E, òrùka 27.46. Irú òrùka yìí kò nílò gíláàsì nínú, afẹ́fẹ́ lásán ni.

Ẹ tún kíyè sí nǹkan mẹ́ta. Èkíní, kámẹ́rà tuntun lè kọ̀ láti ya fọ́tò nítorí kò mọ lẹ́ńsì àtijọ́. Ẹ wá ibi tí a ti ń gbà á láyè láti yà láìsí lẹ́ńsì. Èkejì, bí A àti M bá wà lára lẹ́ńsì onískúrù, ẹ yí i sí M, kí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé lè ṣí, kí ó sì pa dé bí ẹ ti fẹ́. Ẹ̀kẹta, ọwọ́ yín ni yóò máa yí i kí àwòrán tó mọ́. Ẹ sọ àwòrán di ńlá lójú kámẹ́rà, kí ẹ má kánjú.

Kí ẹ tó náwó, ẹ gbé lẹ́ńsì sí ìmọ́lẹ̀. Bí ohun tí ó dà bí òwú aláǹtakùn bá wà nínú rẹ̀, ọ̀rinrin ti mú un. Ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ gbé e fún ẹni tí ó mọ iṣẹ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi lẹ́ńsì ẹ̀gbọ́n mi sórí kámẹ́rà RF tirẹ̀. Ó ya igi ọ̀pẹ tí ó wà lókèèrè, imọ̀ rẹ̀ ṣeé kà. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ tọ́jú àkísà àgbà tí ó wà nílé yín.