Ìgbòho Mọ̀rọ̀: Omi abẹ́ àpáta, igi òrí àti àpò èédú

Bí ènìyàn bá gbéra ní Takie, ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó kọrí sí àríwá, tí ó sì gba Ìkòyí-Ilé, Ìgbẹ́tì àti Kìṣí kọjá, yóò kíyè sí i pé igi ń fọ́nká, koríko ń ga sí i, àpáta sì ń yọrí níhìn-ín lọ́hùn-ún. Nígbà tí yóò bá fi dé Ìgbòho, tí í ṣe ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Oorelópé, ó ti wà láàárín ọ̀dàn gan-an. Ìlú kékeré ni Ìgbòho lónìí, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó sì gbajúmọ̀ jù lọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú ọba ni nígbà kan rí, ọ̀rọ̀ omi àti igi tí ó wà nílẹ̀ níbẹ̀ sì kan gbogbo ilé tí wọ́n ti ń fi èédú dáná, láti Ọ̀yọ́ títí dé Èkó.

Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, lẹ́yìn tí ogun Tápà ti lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, Ìgbòho di olú-ìlú Ọ̀yọ́. Aláàfin mẹ́rin ni ìtàn sọ pé wọ́n sin síbẹ̀, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Igbó Ọba: Òfinràn, Egúnojú, Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀ àti Ajíbóyèdé. Nígbà tí ó kan Abípa, ó fẹ́ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ padà sí Ọ̀yọ́-Ilé, ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè tí ilé àti oko wọn ti rinlẹ̀ ní Ìgbòho kò fẹ́. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, pé ńṣe ni wọ́n rán àwọn ènìyàn lọ sí ahoro náà lóru kí wọ́n máa ṣe bí iwin, kí ẹ̀rù lè ba àwọn tí ọba rán lọ wo ibẹ̀. Àṣírí tú sí ọba lọ́wọ́, ó ní kí àwọn ọdẹ lọ kó àwọn “ọ̀rọ̀” náà wá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Ọba Mọ̀rọ̀, ọba tí ó mú ọ̀rọ̀. Orúkọ náà kò sì kúrò lára Ìgbòho títí di òní.

Ilẹ̀ gbígbẹ yìí wúlò fún àwọn ọba náà. Eṣinṣin tsetse tí ń pa ẹṣin pọ̀ nínú igbó tí ó tutù, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dàn. Èyí ni ó jẹ́ kí Ọ̀yọ́ lè sin ẹṣin, kí ó sì fi ẹlẹ́ṣin jagun.

Kí ni ó wá mú ilẹ̀ náà gbẹ? Afẹ́fẹ́ méjì ni ó ń pín ọdún mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ń ti orí òkun Àtìláńtíìkì wá, òun ni ó ń gbé òjò. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, òun ni ó ń gbé ọyẹ́ àti eruku. Bí oòrùn bá ti ń sún sí àríwá, afẹ́fẹ́ òkun á tẹ̀ lé e. Bí ó bá padà sí gúúsù, ọyẹ́ á gba ipò. Ní agbègbè Ìgbòho, òjò máa ń fìdí múlẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, á sì dáwọ́ dúró ní nǹkan bí oṣù kẹwàá. Òjò ọdún kan lé díẹ̀ ní 1,000 mílímítà, nígbà tí ti Maiduguri kò ju nǹkan bí 600 lọ. Nítorí náà, Ìgbòho kì í ṣe aṣálẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àpọ̀jù omi oṣù díẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi la nǹkan bí oṣù márùn-ún ẹ̀ẹ̀rùn já.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sì rọrùn. Ní Èkó, yanrìn ìpele-ìpele ni ó wà nísàlẹ̀, omi sì ń gbé inú rẹ̀ bí ẹni gbé inú kànìnkànìn. Ní Òkè-Ògùn, àpáta líle ni. Inú erùpẹ̀ tí ó bo àpáta náà àti inú ibi tí àpáta ti sán nìkan ni omi lè sá pamọ́ sí. Ìdí nìyí tí bọ́ọ̀hóòlù kan fi lè mú omi wá dáadáa, tí èyí tí wọ́n gbẹ́ nítòsí rẹ̀ yóò sì gbẹ fúráúrá. Kànga tí kò jìn kì í sábà dé oṣù kẹta ọdún kí omi rẹ̀ tó fà.

Ìyà tí àìsí omi lè fi jẹni kò ṣàjèjì. Nígbà tí kànga bá gbẹ, adágún odò ni ó kù, ibẹ̀ sì ni sòbìà ti ń wọ ara ènìyàn. Ìkànìyàn tí ìjọba ṣe ní 1988 sí 1989 fi hàn pé ó lé ní 650,000 ènìyàn tí sòbìà ń bá jà ní Nàìjíríà. Ìlú Ìdèré ní Ìbàràpá wà lára àwọn tí ìyà náà jẹ jù lọ. Aṣọ asẹ́, omi mímọ́ àti ìlanilọ́yẹ̀ ni wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀. Ẹni ìkẹyìn tí ó ní in ní orílẹ̀-èdè yìí ni wọ́n rí ní 2008, àjọ ìlera àgbáyé sì kéde ní 2013 pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ báyìí ni ti igi. Igi òrí àti igi igbá tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú ni olówó ọ̀dàn. Ènìyàn kì í sábà gbin igi òrí; fúnra rẹ̀ ni ó ń hù, àgbẹ̀ a sì dá a sí nínú oko. Ó lè gba ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún kí ó tó so, ṣùgbọ́n bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, ó lè so fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ ẹni tí ó dá a sí. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń ṣa èso náà, tí wọ́n ń sè é, tí wọ́n sì ń po òrí tí wọ́n fi ń san owó ilé ìwé ọmọ. Ní oṣù kẹjọ 2025, ìjọba àpapọ̀ fi òfin oṣù mẹ́fà de kíkó èso òrí tútù jáde nílẹ̀ yìí, kí èrè ṣíṣe òrí lè kù sílé.

Ṣùgbọ́n igi òrí kan náà ni alágbèédú fẹ́ràn, nítorí pé ó le, iná rẹ̀ sì ń pẹ́. Wọn a to igi jọ, wọn a fi koríko àti erùpẹ̀ bò ó, iná a sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Bí owó gáàsì ti ń gun òkè ní ìlú ńlá, bẹ́ẹ̀ ni àpò èédú ń pọ̀ sí i nínú ọkọ̀. A kò lè dá àgbẹ̀ lẹ́bi wẹ́rẹ́: ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kò sí iṣẹ́ oko ni èédú ń mú owó wá. Àmọ́ ohun tí ó gba ogún ọdún kí ó tó so, ọjọ́ díẹ̀ ni iná fi jẹ ẹ́ tán.

Igi tí wọ́n gé náà sì kan kànga. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ṣe lórí oko tí igi òrí wà ní Burkina Faso, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016, fi hàn pé ibi tí igi wà níwọ̀ntúnwọ̀nsì ni omi òjò ti ń wọlẹ̀ jù, ju ibi tí kò sí igi rárá àti ibi tí igi ti dí jù lọ. Gbòǹgbò ni ó ń la ọ̀nà fún omi; ilẹ̀ tí ó ṣófo a dì, òjò a sì ṣàn kọjá lórí rẹ̀.

Àtúnṣe kò kọjá agbára ìlú. Ní orílẹ̀-èdè Niger, ní agbègbè Maradi àti Zinder, tí ó gbẹ ju Ìgbòho lọ fíìfíì, láti nǹkan bí 1985 ni àwọn àgbẹ̀ ti ń dá èéhù kùkùté igi sí dípò kí wọ́n máa gé e dànù. Nǹkan bí mílíọ̀nù márùn-ún hẹ́kítà ilẹ̀ ni igi ti padà sí. Wọn kò ra irúgbìn, wọ́n kàn dá ohun tí ó ń hù sí ni.

Àwọn àgbà ní kí sòbìà tó di egbò, Olúgàǹbe là á ké sí. Ní Ìgbòho, igi ṣì wà nílẹ̀, omi ṣì wà lábẹ́ àpáta. Àsìkò tí ó yẹ kí a sọ ọ̀rọ̀ wọn nìyí, kí ó má baà di pé ìtàn Igbó Ọba nìkan ni yóò kù láti sọ.