Kánfáàsì Tí Ẹsẹ̀ Àwọn Ọ̀dọ́ Tún Ṣe

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 1966, Paul Van Doren àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ ṣí ìsọ̀ bàtà kan sí ìlú Anaheim, ní Kalifóníà lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe bàtà ọ̀hún. Oníbàárà 12 ló rà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n mú èyí tó wù wọ́n láàárọ̀, wọ́n sì padà wá gbà á nírọ̀lẹ́. Kò sí ṣéńjì nílẹ̀, Paul bá ní kí wọ́n máa gbé bàtà lọ ná, kí wọ́n padà wá sanwó. Gbogbo wọn ló san án.

Bí bàtà Vans ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: kánfáàsì tí kò bo ọrùn ẹsẹ̀, aṣọ líle lókè, rọ́bà tó nípọn nísàlẹ̀. Kò pẹ́ tí rọ́bà náà fi ń sán níbi tí bàtà ti ń ká bí èèyàn bá ń rìn. Wọ́n fa ìlà òòró kún bátànì abẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, kò sì sán mọ́.

Rọ́bà yìí ló fa àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun skateboard, ìyẹn pátákó onítáyà, mọ́ra, torí ó ń di pátákó náà mú dáadáa. Ẹsẹ̀ kan bàtà wọn máa ń gbó ṣáájú èkejì. Vans gbà láti ta ẹyọ kan fún wọn. Ní 1976, Tony Alva àti Stacy Peralta, ìlú-mọ̀ọ́ká nínú eré náà, lọ́wọ́ sí bàtà Era, tó ní tìmùtìmù yí ẹnu ká. Ní 1977, Old Skool dé pẹ̀lú awọ níbi tó tètè ń gbó. Ìlà wíwọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ló wà fún ẹwà lásán.

Nígbà tí òṣèré Sean Penn wọ bàtà Vans tí kò lókùn, aláwọ̀ dúdú àti funfun bí ojú díráàfù, nínú fíìmù kan ní 1982, òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri.

Lójú tèmi, ìdí kan wà tí bàtà yìí kò fi lọ pẹ̀lú àṣà ìgbà kan. Ìwúlò ni àwọn tó ń gun pátákó kọ́kọ́ wá. Oge wá bá a níbẹ̀. Ẹni tí kò gun pátákó rí ń wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà àti síbi iṣẹ́ lónìí. Bó bá fọwọ́ kan tìmùtìmù ẹnu bàtà náà, kó rántí àwọn ọmọ tó ń ṣubú, tó ń dìde, lójú títì Kalifóníà.